Ilé tí Eku Ń Jẹ: Àgbéyẹ̀wò Àgò àti Àwo Oúnjẹ Eku Ọ̀sìn

Ènìyàn a kọ́lé, a gbé inú rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́, kò sì ní fi eyín kan ògiri rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n eku, abìrù-gígùn tí í fi òru ná ọjà rẹ̀, ẹranko tí eyín iwájú rẹ̀ kì í dẹ́kun àtigùn láti ọjọ́ tí ó ti hù títí di ọjọ́ tí yóò fi kú, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilé àti oúnjẹ, nítorí pé bí kò bá rí nǹkan gé jẹ, eyín náà yóò gùn débi pé kò ní lè pa ẹnu dé mọ́, ebi yóò sì pa á kú síwájú oúnjẹ tí ó kún àwo. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí mo ti ń sin eku funfun nínú ilé mi, mo ti gbà pé ohunkóhun tí a bá fi kan àgò fún eku, oúnjẹ ni a fi fún un, ì báà jẹ́ pákó, ì báà jẹ́ wáyà, ì báà jẹ́ ọ̀dà tí a fi kùn ún kí ó lè dára lójú àlejò. Ojú tí a sì fi ń ṣa àgbàdo tí a fẹ́ dà síwájú rẹ̀ ni ó yẹ kí a fi ṣa igi tí a fẹ́ kàn ní ìṣó.

Ìgbẹ́ aláwọ̀ aró ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí. Àgò àkọ́kọ́ tí mo kàn, pákó fèrèsé àtijọ́ ni mo fi kàn án, láti ara ilé kan tí wọ́n ń wó ní àdúgbò wa, pákó tí ó ti gbẹ dáadáa, tí ọ̀dà aláwọ̀ aró ṣì wà ní ojú rẹ̀, inú mi sì ń dùn pé mo rí ohun ọ̀fẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń gbá ìsàlẹ̀ àgò náà, mo ṣàkíyèsí pé àwọn ìgbẹ́ tí ó yẹ kí ó dúdú minimini ní àmì wínníwínní lára, bí ẹni fi aró ta wọ́n. Mo fi igi ìṣáná tú ọ̀kan wò lórí bébà funfun, èépá ọ̀dà ni mo sì rí nínú rẹ̀, tí ó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja wẹ́wẹ́. Nígbà tí mo wo igun tí ìgò omi wà, wọ́n ti gé pákó ibẹ̀ bí oṣù ọjọ́ mẹ́ta, funfun igi ti yọ síta, ọ̀dà ibẹ̀ kò sì sí mọ́. Abiyamọ tí ó máa ń sáré wá fi imú tọ́ mi lọ́wọ́ ti ká jọ sí kọ̀rọ̀, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo tú àgò yẹn palẹ̀.

Òjé ni ó máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́, èyí tí ó ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ pẹ́ kí ó tó ṣá. Òjé sì ni ọ̀tá ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀, kì í jáde kíákíá bí ó bá ti wọ inú egungun. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, nígbà tí àwọn tí ń lọ òkúta wúrà nínú agboolé wọn kò mọ̀ pé òjé kún inú eruku rẹ̀, tí ọmọdé tí ó lé ní 400 sì bá a lọ. Bí eruku tí a kò fojú rí bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ènìyàn, kí ni èépá ọ̀dà yóò ṣe sí ẹranko tí gbogbo ara rẹ̀ kì í sábà wúwo ju gíráàmù 40 lọ? Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n kò ní kun inú àgò ní ohunkóhun mọ́, ọ̀dà tuntun ni o, ọ̀dà àtijọ́ ni o, nítorí pé eyín eku ni yóò bó o kẹ́yìn.

Èdè wa kò fi orúkọ du eku: a ní ẹdá, a ní ẹmọ́, a ní àgó, a ní òkété, a ní ọ̀yà, a ní èkúté ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò fi orúkọ du ohun tí a fi ń mú un, nítorí pé ẹ̀bìtì wà, pàkúté wà, okùn dídẹ wà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ilé tí a ó kọ́ fún un kí ó lè yè, àgò adìẹ ni a ní láti yá. Kò yani lẹ́nu, nítorí pé inú igbó ni àwọn baba wa ti ń pàdé eku, ọ̀nà ọbẹ̀ àti ọ̀nà ẹbọ ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí. Sísìn rẹ̀ jẹ́ ohun àná. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n S. S. Ajayi gbìyànjú láti sọ òkété di ẹran ọ̀sìn, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1975. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láàárín 1980 sí 1990, àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn ará Jámánì jọ dáwọ́ lé ọ̀yà sísìn, láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ti tàn dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Ní ti eku funfun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ nípa oògùn àti ẹ̀dá alààyè ni wọ́n ń sìn ín jù láàárín wa, àwọn náà ni wọ́n sì ń tọ káfíńtà lọ pé kí ó bá wọn kan àpótí onígi tí a fi wáyà bo ojú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àgò àfọwọ́kàn jẹ́ ohun ẹ̀tẹ́: ní ìlú Granby ní Massachusetts, olùkọ́ kan tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, Abbie Lathrop, bẹ̀rẹ̀ sí í sin eku fún títà ní nǹkan bí 1900 nínú àpótí igi tí ó fi koríko gbígbẹ tẹ́, láti inú eku tirẹ̀ sì ni onímọ̀ kan, C. C. Little, ti rí ìran eku dúdú tí a ń pè ní C57 ní 1921, èyí tí àwọn onímọ̀ ṣì ń lò káàkiri ayé títí di òní.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀ pákó. Eku tí a bí nínú àgò ni mo ń sọ, kì í ṣe èyí tí a mú nínú àká tàbí ní ẹ̀yìn ilé ìdáná. Eku ẹdá ni ó ń gbé ibà Lásà kiri, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ sì ni ó fi ń ràn án. Kò sí àgò tí a lè kàn, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó, tí yóò sọ irú eku bẹ́ẹ̀ di ohun ìṣeré ọmọdé.

Pákó ni gbogbo wa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, nítorí pé kò wọ́n, kì í gbóná lọ́sàn-án, ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ayùn àti òòlù sì ká a. Ní ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìlàgi kì í ti í jẹ́ kí olùrà àti olùtà gbọ́ ara wọn àfi bí wọ́n bá sún mọ́ra bí ẹni ń sọ àṣírí, mo dúró níwájú bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún fún ìyẹ̀fun igi, mo ní, “Ẹ kú ọjà o, bàbá. Igi wo ni ẹ lè fún mi tí n ó fi kan ilé eku?” Ó kọ́kọ́ wò mí bóyá orí mi pé, ó wá fi ọwọ́ lu pákó pupa-rúsúrúsú kan, ó ní, “Ìrókò ni kí ẹ rà, ọmọ mi. Ikán ò tó bẹ́ẹ̀, kòkòrò ò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọmọ yín yóò bá a níbẹ̀.” Ìmọ̀ràn rere ni fún ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rìn lọ ni ọ̀rọ̀ náà ń yí nínú mi, pé igi tí ikán, tí ìgbà gbogbo ni ebi ń pa, bá fẹnu kàn tí ó sì yípadà, ohun kan wà nínú igi náà tí ikán mọ̀. Ìrókò olúwéré, igi ńlá tí àwọn baba wa ń ró aṣọ funfun mọ́ ní ìdí, oró tí ó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ wà nínú omi ara rẹ̀, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń fa ayùn lórí rẹ̀ sì mọ̀ bí eruku rẹ̀ ti ń yún ara tí ó sì ń mú ni sín. Igi tí a ń pè ní Mansonia burú jù ú lọ. Àwọn káfíńtà tí ó bá ti fá a nínú yàrá tí kò ní fèrèsé kì í gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, ìyìn tí olùtà pákó ń yin igi rẹ̀ ni ìkìlọ̀ fún àwa tí ń sin eku: bí ó bá ní ikán kò lè jẹ ẹ́, ẹ béèrè ìdí tí kò fi lè jẹ ẹ́, bóyá líle rẹ̀ ni tàbí oró inú rẹ̀.

Ní ìdà kejì ni arère wà, igi tí ó fúyẹ́ tí ó sì funfun, tí kò ní òórùn kan tí ó le. Ó dára fún eku níwọ̀n ìgbà tí a bá ti fá ojú rẹ̀ tí a sì ti nu eruku rẹ̀ kúrò pátápátá, nítorí pé eruku arère náà ti fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlàgi ní ikọ́ tí ń dí èémí lọ́wọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé eku lè lu ihò já a kí ilẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tó mọ́. Afàrà sàn jù ú lọ díẹ̀ ní líle. Ṣùgbọ́n èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni mẹ̀línà, igi àjòjì tí ìjọba gbìn lọ rẹpẹtẹ nínú igbó ọba Ọmọ àti Olúwa nítorí bébà, igi tí màlúù àti ewúrẹ́ ń jẹ ewé àti èso rẹ̀ láìsí ohun tí ó ṣe wọ́n. Kò wọ́n, kò gbóòórùn, eyín eku sì ń pẹ́ lórí rẹ̀. Ọparun náà kò burú fún àtẹ̀gùn àti ihò ìsápamọ́sí, bí a bá ti yọ àwọn ẹ̀gún wẹ́wẹ́ etí rẹ̀ kúrò.

Oró tí ènìyàn fi sínú igi pọ̀ ju oró tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn lọ. Láàárín wa, kò sí ohun tí ó wọ́pọ̀ tó kí a fi ọ́yìlì mọ́tò tí ó ti di kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kun ẹ̀yìn pákó nítorí ikán. Ọ́yìlì náà sì ti kó àjẹkù irin àti èéfín ẹ́ńjìnì jọ sínú, tí ẹnikẹ́ni kò lè fọ̀ kúrò mọ́ bí igi bá ti mu ún. Òpó iná tí ó ṣubú, tí àwọn ènìyàn ń là sí pákó nítorí pé ó le, inú oògùn ni wọ́n ti rì í kí ó tó di òpó; bí ó bá dúdú tí ó sì ń rùn bí ọ̀dà títì, ẹ sá fún un, bí ó bá sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀ lára, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ irú èyí tí a fi bàbà, kírómíọ́ọ̀mù àti ásẹ́níìkì rì, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà dẹ́kun láti máa ṣe fún ilé gbígbé ní ìparí 2003 nítorí ọwọ́ àwọn ọmọdé tí ń ṣeré lórí rẹ̀. Ní ti pálẹ́ẹ̀tì, pákó tí a fi ń kó ẹrù wọ èbúté Àpápá, ẹ wá òǹtẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀: bí ẹ bá rí lẹ́tà HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, ó sì ṣeé lò bí kò bá sí àbàwọ́n ọ́yìlì tàbí kẹ́míkà lórí rẹ̀, bí ó bá jẹ́ MB, afẹ́fẹ́ olóró ni wọ́n fín sí i, ẹ jẹ́ kí ó lọ sí ibòmíràn. Pláíwúùdù ńkọ́? Àtè tí ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní fọ́málínì nínú, ìyẹn omi kan náà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, eku a sì máa bó o ní ìpele-ìpele láti etí. Ẹni tí kò bá rí òmíràn, kí ó fi irin bo gbogbo etí rẹ̀.

Àrùn kan sì wà tí kò sí igi tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: pákó a máa mu ìtọ̀. Bí ẹ bá fọ àgò onígi ní òwúrọ̀, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òórùn tí ń ta imú tí ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró eku jẹ́. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi í lo pákó fún ìsàlẹ̀ mọ́, bí kò ṣe fún férémù àti òkè nìkan.

Wáyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ní ọ̀rọ̀ nínú, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gan-an ni ejò ń gbé. Ní ti ihò rẹ̀, kí ó má fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ, nítorí ibi tí orí eku bá ti wọ̀, ìyókù ara kò ní jìyàn. Wáyà adìẹ onígun mẹ́fà kò wúlò rárá, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn oníke sì dà bí ẹni fi aṣọ ta ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bo wáyà náà ni kí a fara balẹ̀ wò. Síńkì ni wọ́n fi ń bò ó kí ó má baà dípẹtà, bí ó bá sì jẹ́ tuntun, ẹ ó rí i pé ó ní ìyẹ̀fun funfun lójú, àti kókó síńkì kéékèèké ní ojú ìso. Kókó wọ̀nyẹn ni eku ń họ jẹ. Síńkì díẹ̀ wà nínú oúnjẹ gbogbo ẹ̀dá, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ nínú ikùn, a máa ba ẹ̀jẹ̀ àti inú jẹ́, àwọn tí ń sin odídẹrẹ́ ni wọ́n sì tètè mọ èyí, nítorí pé ẹyẹ náà kì í dẹ́kun àtifi ẹnu gun wáyà, àgò tuntun sì ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí èmi bá ra wáyà tuntun, mo máa ń fi fínígà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ títí ìyẹ̀fun náà yóò fi tán, n ó fi omi púpọ̀ ṣàn án, n ó sì sá a sí oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Kì í sọ ọ́ di mímọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó dín ewu rẹ̀ kù gidigidi. Irin tí kì í dípẹtà ni ọba gbogbo wọn, ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a kí ó rà á. Kí ẹnikẹ́ni má fi òjé tí àwọn onípáànù fi ń jó garawa lẹ wáyà pọ̀. Ẹ so ó, tàbí kí ẹ fi ìdè irin dè é. Wáyà tí a fi ike wẹ́ dára lójú, ike náà ni eku yóò sì kọ́kọ́ bó jẹ.

Kí wáyà má ṣe jẹ́ ilẹ̀ tí eku ń tẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ìgbẹ́ ń jábọ́, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ sì ń dín kù. Àtẹ́lẹsẹ̀ eku kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Ẹ gbé ọ̀kan sókè kí ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i bí ó ti pọ́n tí ó sì mọ́ gaara, ẹ kò sì ní fẹ́ gbé e padà sórí okùn irin mọ́.

Ike ni ó kù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gùn. Àpótí ike tí a ń rà ní ọjà fún aṣọ tàbí oúnjẹ ti di ilé eku ní ibi púpọ̀, èmi náà sì ń lò ó, nítorí pé kì í mu ìtọ̀, ó sì ṣeé fọ̀. Eyín eku kì í mú ojú tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Etí ni ó ń wá, àti ojú ibi tí a lu, nítorí náà àpótí tí inú rẹ̀ jọ̀lọ̀ láìsí ìlà a máa pẹ́ ju bí a ti rò lọ. Kí a gé ìdérí rẹ̀, kí a fi wáyà dí ojú rẹ̀ láti ìta, àti ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú, kí atẹ́gùn lè la inú rẹ̀ kọjá; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò di ìkòkò tí a dé. Ẹni tí ó bá ń fi irin gbígbóná lu ihò sí i, kí ó ṣe é ní ìta, kí ó sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí eku tó wọlé, nítorí èéfín ike kò dára fún olówó àgò pàápàá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí ó mú kí n máa bọ̀wọ̀ fún ike bí ẹni ń bọ̀wọ̀ fún ẹṣin àjèjì. Ní oṣù kẹjọ 1998, Patricia Hunt, obìnrin onímọ̀ kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Case Western Reserve ní Cleveland, ń wo ẹyin inú àwọn abo eku tí kò fi oògùn kankan kàn, àwọn tí ó kàn ń lò láti fi wé àwọn yòókù, ó sì rí i lójijì pé nǹkan bí 40 nínú 100 ẹyin wọn ti bàjẹ́ nínú, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀kan tàbí méjì ni ó máa ń rí tẹ́lẹ̀. Ó wo oúnjẹ wọn, kò sí nǹkan. Ó wo omi, ó wo afẹ́fẹ́ yàrá, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ó tó ṣàkíyèsí pé àwọn àgò ike tí ó máa ń mọ́ gaara bí omi òjò ti ṣú, pé ìgò omi ti ń jò. Òṣìṣẹ́ kan tí ó wá gba iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni ó ti fi ọṣẹ tí a fi ń fọ ilẹ̀ fọ̀ wọ́n, ọṣẹ náà le, ó sì já ike náà, ohun kan tí à ń pè ní BPA sì ń ṣàn jáde láti ara rẹ̀ wọ inú omi àti ara eku. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní ìmọ̀ọ́mọ̀ kí ó lè dá a lójú, ní 2003 ni ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde, àríyànjiyàn lórí BPA nínú ìgò omi ọmọ ọwọ́ káàkiri ayé sì gba agbára láti inú iṣẹ́ náà. Ẹ kíyèsí i pé àgò yẹn kì í ṣe àgò burúkú. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó rà á, fún iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n sì ṣe é. Ọṣẹ ni ó sọ ọ́ di májèlé. Láti ìgbà tí mo ti ka èyí, ọṣẹ ìfọbọ́ lásán àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo fi ń fọ ike, n kì í fi bílíìsì rẹ ẹ́ mọ́jú, ike tí ó bá sì ti ṣú tàbí tí ó ti sán, n kì í ṣàánú rẹ̀.

Ohun tí a ń tẹ́ sílẹ̀ fún eku kò yàtọ̀ sí ilé rẹ̀, àní ó sún mọ́ ọn ju ògiri lọ. Ní 1967, onímọ̀ kan, Elliot Vesell, fi hàn ní Amẹ́ríkà pé eku tí a tẹ́ igi sídà pupa fún kì í pẹ́ lójú oorun oògùn bí àwọn yòókù, nítorí pé òórùn dídùn igi náà ti ru ẹ̀dọ̀ wọn sókè tí ó fi ń gbá oògùn dànù kíákíá. Òórùn tí ó ń wu ènìyàn ni iṣẹ́ àṣekúdórógbó fún ẹ̀dọ̀ eku. Ní ti àwa, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń kó dànù ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlàgi ni ó wà nítòsí, ọ̀fẹ́ ni, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má kó o: ìrókò, Mansonia, ọ̀gànwó àti gbogbo wọn ni ó ti dàpọ̀ síbẹ̀, eruku rẹ̀ sì ń di imú. Èyí tí pléènì káfíńtà fá ní wíwé-wíwé láti ara igi kan tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ sàn jù. Bébà tí a fà ya, tí kò ní àwọ̀ dídán, dára púpọ̀. Koríko gbígbẹ dára bí kò bá ní èbu.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ àwo oúnjẹ, inú mi sì dùn láti sọ pé níhìn-ín àwọn ìyá wa ti ṣíwájú wa. Kò sí àwo tí mo rí tí ó dà bí àwo amọ̀ kékeré, irú èyí tí àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin àti Ìpetumodù ń mọ. Ó wúwo, eku kò lè dojú rẹ̀ dé. Kò ní ohun tí eyín lè mú. Dídán tí ó wà lára rẹ̀, òkúta ni a fi dán an, a sì bu omi èèpo irúgbá sí i ní gbígbóná, kò sí òjé níbẹ̀. Bí ó bá rùn, ẹ jù ú sínú iná ààrò kí ẹ sì yọ ọ́ ní mímọ́. Àwo amọ̀ aláràbarà tí ń dán bí dígí, tí a kò mọ ilé tí ó ti wá, ni kí a fura sí, nítorí pé ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń fi òjé ṣe dídán náà, ohun kíkan bí ọsàn tàbí ògì a sì máa fà á jáde. Eésan àgbọn dára fún oṣù kan tàbí méjì títí wọn yóò fi jẹ ẹ́ tán, jíjẹ ẹ́ náà kò sì pa wọ́n lára. Agolo mílíìkì ní etí tí ń gé ètè, àfi bí a bá ká a wọnú tí a sì lù ú pẹlẹbẹ.

Kí àwo náà má ní kọ̀rọ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé kọ̀rọ̀ ni oúnjẹ àná ń sùn sí, ibẹ̀ ni ìtọ̀ ti ń rin ín, ibẹ̀ ni èbu ti ń hù. Oró inú èbu ẹ̀pà àti àgbàdo kò sì kéré, òun ni ó pa ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ tòlótòló ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, nígbà tí wọ́n jẹ ẹ̀pà lílọ̀ tí ó ti Brazil wá, tí ayé sì ti ibẹ̀ mọ ohun tí à ń pè ní áfílátọ́síìnì. Àpótí oúnjẹ onígi tí a fi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àgò, tí ó ní igun mẹ́rin ní ìsàlẹ̀, ilé èbu ni.

Ẹni tí ó bá ń sin òkété tàbí ọ̀yà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò gùn. Pákó kì í dá ọ̀yà dúró. Bíríkì tí a rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì ni ilé rẹ̀, kí a sì da omi sí sìmẹ́ǹtì náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹran tó wọ̀ ọ́, nítorí sìmẹ́ǹtì tútù a máa jẹ ẹsẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù tí a dùbúlẹ̀ fún òkété dára bí a bá mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, kí a má ṣe gbà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Páànù ásbẹ́stọ́ọ̀sì àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀fóró tiwa ni yóò kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀.

Ìgò omi ni mo fi sílẹ̀ di ìkẹyìn, nítorí òun ni ó ti fún mi ní wàhálà jù. Ìgò dígí ni mo ń lò, ìgò kékeré tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa ń wà nínú rẹ̀, mo sì fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀, mo ki ọ̀pá irin tí kì í dípẹtà bọ àárín rọ́bà náà. Ìta àgò ni ìgò ń wà, ọ̀pá nìkan ni ó ń wọlé, nítorí bí eku bá rí rọ́bà, yóò jẹ ẹ́. Kí ẹnu ọ̀pá má kan ìtẹ́. Bí koríko kan bá kàn án, yóò fa omi títí ìgò yóò fi gbẹ, àwọn ọmọ eku yóò sì wà nínú omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe ìgò tuntun, mo máa ń rọ omi kún un, n ó so ó kọ́ sí etí tábìlì lórí bébà gbígbẹ, n ó sì lọ sùn. Bí mo bá jí tí bébà náà gbẹ, tí mo fi ìka kan ẹnu ọ̀pá tí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sì wá bá ìka mi, nígbà náà ni mo tó gbé e lọ fún wọn.